Àánú Ni Tàbí Gbèsè? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tálákà àti Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Àkókò Àjàkálẹ̀-Àrùn

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé ọdọọdún yìí. Ìbéèrè náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé, tí a ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ ọlọ́rọ̀ rí ọ̀nà àti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, tí ọmọ tálákà kò sì rí i, owó tí ìlú bá kó jọ láti fi gbé ọmọ tálákà náà dìde, kí ni kí a máa pè é? Àánú ni tàbí gbèsè? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíákíá pé àánú ni. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, a sì fi ìrònú náà ṣe àṣìṣe, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú. Lónìí, a gbàgbọ́ pé gbèsè ni, a ó sì gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ hàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ méjèèjì yìí. Ẹni tí ó ń ṣàánú ni ó ń yan ọjọ́ tí yóò ṣe é, òun náà ni ó sì ń yan iye tí yóò mú wá. Bí kò bá ṣe é rárá, a lè pè é ní ahun, ṣùgbọ́n a kò lè pè é lẹ́jọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsanwó ní ìgbà tirẹ̀, iye owó sì ti hàn sí tọ̀tún tòsì. Bí ó bá san án, kò sí ìdí tí yóò fi máa retí kí a dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí òun. Bí kò bá sì san án, kì í ṣe ahun nìkan ni a ó pè é. A ó ní ó fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn dù ú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ọ̀ràn náà ti rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí àrùn kòrónà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, lára àlejò kan tí ó ti Ítálì dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ káríayé. Kí oṣù náà tó parí, a ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa jákèjádò ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Kẹrin yẹn kan náà, àjọ UNESCO ṣírò rẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà ní títì káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀. Àrùn náà kò mọ olówó, kò sì mọ ìjòyè. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, kéde ní òpin oṣù Kẹfà pé ó ti kan òun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, Dókítà Wahab Adegbenro, tí ó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ wa, dágbére fún ayé nípasẹ̀ àrùn kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ìbẹ̀rù lásán ni ó mú kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ òtítọ́.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, àjàkálẹ̀-àrùn kì í ṣe àlejò. Ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Bọ̀nọ́ pè nítorí pé ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, a máa jà láàárín wa, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí eku bá ń wá oúnjẹ wọ inú ilé àti inú àká. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a mọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà fún ìtọ́jú ibà yìí. Ní 2020, ibà Lassa jà gidigidi, Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ìpínlẹ̀ Ẹdó sì wà lára àwọn ibi tí ó ti jà jù. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àrùn méjì ni ó ká àwọn ènìyàn wa mọ́ ní ọdún kan ṣoṣo. Bí wọ́n ti ń fi ìbòmú bo imú nítorí ọ̀kan ni wọ́n ń fi ideri bo gààrí nítorí èkejì.

Nígbà náà ni àṣẹ kónílégbélé dé. Àwọn tí ń gba owó oṣù dúró sílé, owó oṣù wọn sì ń bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n àwọn òbí púpọ̀ ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní, ní Ìpele, àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, oko ni wọ́n gbójú lé: kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, àwọn oníbàárà tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá kó ọjà kò lè wá mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ kónílégbélé. Ó pọ́n, ó rọ̀, ó sì bàjẹ́. Ìyá tí ó ti fi ọdún pípẹ́ kó owó òwò jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó náà ra oúnjẹ, títí owó òwò fi tán nínú ọ̀já rẹ̀. Láti inú ọ̀já kan náà ni owó ìwé àti owó bàtà ọmọ ti ń wá tẹ́lẹ̀.

A kò gbàgbé pé ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ni a gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ní ilé tí iná mànàmáná kì í ti í tàn, tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí àpótí lásán. Ní ilé tí ó ní fóònù kan ṣoṣo, bàbá ni ó ń mú un lọ sí oko ní òwúrọ̀. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀, owó dátà ọjọ́ kan lè ra gààrí tí ọmọ mẹ́ta yóò mu. Kí ni òbí ibẹ̀ yóò yàn? Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ gbogbo ọmọ ní ọjọ́ kan náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó wà lóde ní tòótọ́. Àwọn kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ tálákà ni ó dúró sí ìta.

Àwọn tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá rí ìyọnu tiwọn pẹ̀lú. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Ìwọ̀nba ọjọ́ mẹ́tàlá ni ó wà láàárín. Ẹni tí ó ti ń rí ìwé kà láti oṣù Kẹta, àtúnyẹ̀wò ni ó fi ọjọ́ mẹ́tàlá náà ṣe. Ẹni tí ó ti wà lẹ́yìn ebè láti oṣù Kẹta, kí ni yóò fi í ṣe? Síbẹ̀, ìwé ìbéèrè kan náà ni a gbé ka iwájú àwọn méjèèjì.

Ó tó àkókò wàyí kí a wo ohun tí ó sọ ọ̀ràn yìí di gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ oko ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ilé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti jáde. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, iná ìgbẹ́ kan ń bọ̀ wá sí abúlé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sáré wọ inú oko tí ó súnmọ́ abúlé jù lọ, wọ́n fi àdá gé ẹ̀gẹ́ tí ó wà níbẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì fà á jù sẹ́yìn, kí iná má baà rí ohun tí yóò jó. Iná dé ibẹ̀, ó kú. Abúlé yè. Olóko náà kò bá wọn jà, nítorí òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà abúlé kó igi ẹ̀gẹ́ àti oúnjẹ jọ, wọ́n gbé e fún un, wọ́n ní kí ó fi tún oko rẹ̀ gbìn. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà láàárín wọn tí ó lè la ẹnu pè é ní àánú? Bí wọ́n kò bá sì gbé e fún un ńkọ́, tí wọ́n ní kí ó máa fi orí tì í, pé iná kò ṣáà jó òun náà? Gbogbo ayé yóò sọ pé abúlé náà ṣe ìkà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rí. Nítorí ta ni a ṣe tì í? Àwọn oníṣègùn sọ fún wa pé àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí àìsàn mìíràn ti wà lára wọn ni àrùn kòrónà ń pa jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pa ọmọdé. A ti ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ má baà ti ibẹ̀ gbé àrùn wá bá bàbá àgbà àti ìyá àgbà nílé. A kò sọ pé ó burú bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní ìyá tí ó ti darúgbó, a sì dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀gẹ́ ọmọdé ni a gé lulẹ̀ kí iná má baà jó ilé àgbà. Àwọn àgbà a máa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní 2020, àwọn ọmọ ni ó dúró lọ́jà fún àwa àgbà. Wọ́n fi oṣù tí kò ní padà bọ̀ ra ẹ̀mí fún wa, a kò sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ tà. Ẹni tí ó bá ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, tí ó wá ń pe ìdápadà rẹ̀ ní àánú, kò mọ ìṣirò.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ ọmọ ọlọ́rọ̀ náà ní gbèsè. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́rọ̀ ní oko kejì lẹ́yìn odò, níbi tí ó ti ń jẹun títí ti àkọ́kọ́ fi hù padà. Ọmọ tálákà kò ní ju èyí tí a gé lọ. Nígbà tí owó kò bá sì tó láti san fún gbogbo ẹni tí a jẹ, ẹni tí ebi yóò pa kú ni a kọ́kọ́ ń san fún.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, ìtìjú ni ó jẹ́ fún wa láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò lè kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí a fi pamọ́. Nínú ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ ní apá Ọ̀sẹ̀, ọmọbìnrin kan wà tí ó wà ní ọdún kejì kíláàsì àgbà nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ka ẹ̀kọ́ bíbélì ní ọjọ́ ìsìn àwọn ọmọdé bí tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ a máa dé ẹnu ọ̀nà láìpariwo. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ní òun yóò ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń tà, kónílégbélé sì jẹ owó òwò náà tán. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ó ń lọ nínú márùn-ún, nítorí ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe alágbàro. Ní 2021, àkókò tó láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Owó náà kò tó owó oṣù kan tí òfin 2019 fi lélẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà dín sí, èyíinì ni 30,000 náírà. Ṣùgbọ́n kò sí i. Ìyá náà wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àga láìfẹ̀yìn tì, ó sì sọ ọ̀ràn rẹ̀.

A gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Owó ìkórè wà nílẹ̀, a sì ti pinnu láti fi ra ọ̀dà tí a ó fi kun ilé ìjọsìn. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀, ènìyàn rere, wí pé, “Ọ̀ràn àánú ni èyí. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀dà, a ó ṣe é.” Kò sí ẹni tí ó ta kò ó. Àwa tìkára wa ni a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. A ra ọ̀dà; owó kò ṣẹ́kù. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá. Kí ọdún tó yí, ọmọ náà ti bá ìbátan kan lọ sí Èkó, ó ń bá wọn tajà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá sílé ní Kérésìmesì, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. A ní kí ó wá ka ẹ̀kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún ẹni tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́.” Ọ̀dà tí a kùn ní ọdún náà ti ń ṣí kúrò lára ògiri nísinsìnyí.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn, “bí owó bá ṣẹ́kù.” Inú ohun tí ó ṣẹ́kù ni a ti ń ṣàánú. A kì í fi ohun tí ó ṣẹ́kù san gbèsè. A ń san gbèsè ná, kí a tó mọ ohun tí ó ṣẹ́kù. Bí bàbá náà bá ti wí pé ọ̀ràn gbèsè ni, ọ̀dà ni ìbá dúró. Orúkọ tí a pe nǹkan ni ó gba ìdánwò náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kojú irú ọ̀ràn yìí, ó sì yẹ kí a kọ́gbọ́n lára wọn. Ní Sàró, ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa àkọ́kọ́ ti wá, àrùn Ẹ̀bólà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa láti 2014 títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí a ṣí wọn, ìjọba ibẹ̀ mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn àwọn òbí fún ọdún ẹ̀kọ́ méjì. Ìyẹn ni sísan gbèsè. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti lóyún ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ fi wà ní títì, ìjọba sì fi òfin dè é pé aláboyún kò gbọdọ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní kíláàsì tàbí ní ìdánwò. Ó di oṣù Kẹta ọdún 2020 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó láti sọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè di ẹlẹ́ṣẹ̀, kí a má baà san án!

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020 ya owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, fún oúnjẹ, ilé gbígbé, ìwé àti ìtọ́jú ara. A kò lówó tó Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ọjọ́ náà: kí oṣù tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ tó parí ni. Ní ilẹ̀ tiwa, Báńkì Àpapọ̀ ya 50 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ ní oṣù kan náà láti fi yá àwọn ìdílé àti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ilé àwọn ọmọ ní Abuja, ní Èkó àti ní Ògùn. Inú wa dùn sí i. Ó fi hàn pé ọwọ́ lè tètè yá bí ọkàn bá fẹ́. Àpótí tí olùkọ́ lè ṣí ní abúlé, kí ó mú owó ìdánwò ọmọ alágbàro jáde nínú rẹ̀, ni àwa kò rí.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn olóṣèlú àti àwọn ọlọ́rọ̀ a máa fún àwọn ọmọ ní bọ́sárì. Wọ́n ń ṣe é, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wu olówó ni ó ń ṣe é, àwòrán rẹ̀ a sì máa wà lára aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà. Àánú ni ìyẹn, ó sì lẹ́wà ní àyè tirẹ̀. Kò lè dípò gbèsè.

Àtakò mẹ́ta ni a ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé oúnjẹ ni ó ṣáájú: ẹni tí ebi ń pa kò lè kàwé. Òtítọ́ ni, a kò sì sọ pé kí a gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ òní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ogójì ọdún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ tí ìyàn mú a máa du irúgbìn rẹ̀ mọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ni irúgbìn ìlú.

Èkejì ni pé òbí ni ó ni ọmọ, kí òbí gbé ẹrù rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ a máa sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Ìdáhùn wa ni pé àwọn òbí wọ̀nyí ń gbé ẹrù wọn títí di ọjọ́ tí àṣẹ ìlú dì wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí a dì lọ́wọ́, a kì í bá a wí pé kò ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, òwe wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe náà kò sì sọ pé ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò tà.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn tí a bá fi ṣọ́ owó náà yóò jẹ ẹ́. Àtakò yìí ni ó le jù, nítorí ojú wa ti rí i. Síbẹ̀, bí olè bá wà lọ́nà oko, ṣíṣọ́ ni a ń ṣọ́ oko. A kì í tìtorí rẹ̀ pa iṣẹ́ àgbẹ̀ tì. A ó sọ bí a ṣe lè ṣọ́ ọ.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa ará agbègbè yìí rántí ìtàn tiwa. Ní Ọ̀wọ̀ ni a ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba ní oṣù Kẹrin ọdún 1951. Michael Adekunle Ajasin, ọmọ Ọ̀wọ̀, olùkọ́ tí ó kàwé ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, tí ó sì di ọ̀gá Imade College ní 1947, wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìlànà ẹgbẹ́ náà lélẹ̀. Láti inú ìlànà yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kíní ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 dé 811,432 ní 1955. Ní ìgbà náà pẹ̀lú, àwọn ènìyàn wí pé owó kò tó. Àwọn tí ó ṣe é kò pè é ní àánú sí tálákà. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí kò ju pé kí ẹ̀tọ́ tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ ní ọjọ́ àlàáfíà má ṣe parẹ́ ní ọjọ́ àjàkálẹ̀-àrùn.

Ọjọ́ náà yóò sì tún dé. Ní 1918, àrùn tí àwọn baba wa pè ní lùkúlùkú bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa. Ní 2014, Ẹ̀bólà dé Èkó, a sì sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ síwájú. Ní 2020, kòrónà dé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Jósẹ́fù kò dúró di ọdún ìyàn kí ó tó kọ́ àká.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ìjọ, àwọn mọ́ṣáláṣí, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi, dá àká kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nísinsìnyí tí ara le. Kí a fi í sínú òfin pé ọjọ́ tí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́ ni àká náà yóò ṣí, láìdúró de ìpàdé tàbí ojúrere ẹnikẹ́ni. Kí a san owó ìdánwò àti owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà sí ibi tí ó yẹ kí a san án sí, kí a sì fi díẹ̀ lé ìdílé lọ́wọ́ fún ìwé, bàtà àti owó ọkọ̀. Kí a má ṣe yọ ọmọbìnrin tí ó ti bímọ sílẹ̀, tàbí abirùn, tàbí ọmọ tálákà tí ó ti dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Gbogboǹṣe Rufus Giwa tí owó sì ká mọ́ ọ̀nà. Kí a máa ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ka orúkọ ọmọ kan. Owó ni kí a fi hàn ní gbangba. Ojú ọmọ ni kí a bò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ni ó mọ ọmọ tí ó ń pa ọjọ́ jẹ àti ìdí tí ó fi ń pa á jẹ. Ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ẹni tí ń lọ sí Èkó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí yín kò ní, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́. Ẹ kò tọrọ báárà. Bí ẹ bá sì dàgbà tí ọwọ́ yín tó ẹnu, ẹ rántí pé ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn yín.

Ní ìkórè tí ó kọjá, ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà sínú àpótí ẹ̀kọ́ kí a tó ka èyí tí ó kù. Ó kéré, ṣùgbọ́n àkọ́kà ni, kì í ṣe àṣẹ́kù. A ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn ní Èkó pé àyè ìdánwò ṣì ṣí sílẹ̀ fún un, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀. A kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé a fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Ohun tí a kọ ni pé a pẹ́ kí a tó san án, kí ó jọ̀ọ́, kí ó dárí jì wá.